Kóòtù Tí Bọ́tìnnì Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Mo kí maṣíìnì yín náà, nítorí mo mọ̀ pé òun ló ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ kò lè sọ lójú oníbàárà. Ara mi le. Ilé ìfọṣọ tí mo wà kò tíì jóná, Ọ̀gá wa kò sì tíì rẹ́rìn-ín. Gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ kó wà.

Nígbà tí ẹ pè lọ́jọ́ Àìkú pé wọ́n ti tẹ físà sínú páásípọ́ọ̀tù yín, orí àpò aṣọ ìdọ̀tí ni mo jókòó sí, n kò sì lè dìde. Ọdún mẹ́fà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn, Màmá! Ọdún méjì nínú rẹ̀ la fi ń kọ ìwé, tí wọ́n ń dá a padà. Ìgbà kan wọ́n ní ẹ rẹ́rìn-ín jù nínú àwòrán. Ẹ ya òmíràn, wọ́n ní kò jọ yín. Ó tán báyìí. Ara tù mí débi pé Ọ̀gá bi mí bóyá mo ti rí iṣẹ́ síbòmíì.

Ṣùgbọ́n ẹ ka físà náà dáadáa. Ẹ gbọ́dọ̀ ti wọ ìlú yìí kí oṣù kẹfà tó dé ìdajì. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, àfi ká tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán. Èmi náà kò sì lè wá sílé, nítorí ìwé tèmi kò tíì pé: bí mo bá jáde pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́.

Káàdì ìrìnàjò kan wà nínú àpòòwé yìí. Gbogbo owó tí mo ti ń kó jọ wà nínú rẹ̀: owó tíkẹ́ẹ̀tì, àti èyí tí ẹ óò máa ná fún ọdún kan tí ẹ óò lò lọ́dọ̀ mi. Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe tèmi. N kò fẹ́ kí ẹ dé ibí kí ẹ wá máa tọrọ owó bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ bí. Owó yín ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi ra ilẹ̀kùn, ẹ fi ra ilẹ̀kùn.

Nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, mẹ́rin péré, wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Èmi gan-an kò rí i. Ẹ ṣí i, ẹ kọ́ ọ sórí, ẹ sun ìwé náà. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àbúrò bàbá mi. A kò ṣàdédé máa pè é ní Àǹtí Rédíò. Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ apọwó á gbé káàdì mì, kì í sì í pọ̀ ọ́.

Ẹ má gbàgbé àdéhùn wa: a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ owó lórí fóònù, inú lẹ́tà nìkan ni. Ìgbà tí mo ka nọ́ńbà ojú káàdì àkọ́kọ́ sí yín létí, ẹ ń tún un pè tẹ̀lé mi bí ọmọ iléèwé, títí obìnrin tó wá gba búláùsì fi ní ẹ ti fo ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí èyí fi jẹ́ káàdì kejì.

Ìwé pélébé tí wọ́n fún mi níbi tí mo ti gbà á ní kí ẹni tó ń lọ fún ìgbà pípẹ́ má kó gbogbo owó rẹ̀ síbì kan ṣoṣo. Kí ó ṣe ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù, kí ó san owó iná sílẹ̀, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ṣeé fọkàn tán lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọmọ yín,
Alágbàfọ̀


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Alágbàfọ̀ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Má dáhùn, irọ́ lo máa pa.

Lẹ́tà rẹ dé, káàdì dé, mo sì ti ṣe gbogbo ohun tí ìwé pélébé rẹ wí. Ó ní kí n má kó owó síbì kan. Mo pín owó ọwọ́ mi sínú ìrọ̀rí, sínú agolo òwú, sábẹ́ maṣíìnì, àti síbì kan tó dára ju gbogbo ìyẹn lọ, tí n kò tíì rántí. Olè kò lè rí i. Èmi náà kò rí i, nítorí náà ó dá mi lójú pé ibẹ̀ dára.

Mo ṣe ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù. Àǹtí Rédíò gba ọ̀kan pé òun fẹ́ bá mi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo máa rí i, ó ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n ní kí àwọn oníbàárà lè mọ ẹni tó ń rìnrìn àjò.

O ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ṣeé fọkàn tán lọ́wọ́. Mo ronú títí, n kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo fún Àǹtí Rédíò. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn, ó kéré tán, a óò gbọ́.

Ní ti nọ́ńbà, mo ṣí i, mo wò ó, mo sun ún. N kò kọ ọ́ síbì kankan, n kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Ó wà níbi tó wà. Fọkàn balẹ̀.

Mo ti rán kóòtù òtútù fún ara mi. Aṣọ dúdú tó nípọn ni, mo fi aṣọ inú sí i, mo sì rán bọ́tìnnì sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti àpò méjèèjì. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ń padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí pé àpò tèmi ti ń wúwo, mo ti fi kóòtù náà rán an sí ọ. Wọ̀ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, kí o wò ó bóyá òtútù ibẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà kí o gbé e kọ́, kí o jẹ́ kó wà bó ṣe wà.

Láti ìgbà tí físà ti dé, mo ń sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí Àǹtí Rédíò, mo kí àwọn tó ń wò yín lára ògiri onígbàjámọ̀.

Nọ́ọ̀sì ti gbé kóòtù dé. Ó ní kí ẹ má bínú, òun wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó jókòó tì í sì ń bi í pé èló ni wọ́n ń tà á. Èmi náà wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Òtútù tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó wò mí, ó padà.

Ṣùgbọ́n Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Bọ́tìnnì kóòtù yẹn ni. Ọwọ́ kan ní bọ́tìnnì bí ọ̀gá ológun, ìkejì kò ní tó ìdajì rẹ̀. Àpò kan ní díẹ̀, àpò kan kò ní rárá, ó là sílẹ̀ bí ẹnu tí eyín ti yọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú odindi aṣọ nítorí pé ìlà kan ṣẹ́ kọrọ! Mo wò ó, àánú ṣe mí.

Ní ilé ìfọṣọ wa, òfin Ọ̀gá ni pé aṣọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò bá pé kò gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá dín, a fi kún un. Bó bá lé, a yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Mo yọ gbogbo bọ́tìnnì náà, mo tún un rán ní mẹ́rin-mẹ́rin síbi gbogbo. Ó dọ́gba rẹ́gí báyìí. Nígbà tí ẹ pè lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ ní kí n sọ iye bọ́tìnnì tó wà níbi kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn pé ẹ ti fura fúnra yín. Ẹ sì gbọ́ bí mo ṣe fi ìgbéraga dáhùn.

Ẹ sọ òtítọ́ fún mi o. Ṣé ojú yín ni? Bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ má gbéra. N kò fẹ́ kí ẹ dá wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ wá lọ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú onílùú. Mo mọ ohun tí físà wí. Mo mọ̀ pé àwòrán là ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá gba bẹ́ẹ̀, a óò ṣe é. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Alágbàfọ̀


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Alágbàfọ̀,

Mo kí ọ. Ìkíni ti tán.

Ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Òwú á ti wọ ihò abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi kí ìwọ tó rí abẹ́rẹ́ náà. Nọ́ńbà àṣírí ni bọ́tìnnì tí o yọ yẹn! Ọwọ́ òsì ni àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni èkejì, àpò òsì ni ẹ̀kẹta, àpò ọ̀tún ni ẹ̀kẹrin. O ní kí n má kọ ọ́. Mo rán an. Ta ló ní kí n má rán an?

Ìwé pélébé rẹ ló sì ní kí n má kó nǹkan síbì kan. Káàdì wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ, òkun wà láàárín. Olè wo ló ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo ti ro gbogbo rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ owó lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Tí mo bá ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi á bi ọ́, ìwọ á kà á, kò sẹ́ni tó máa fura.

Mo bi ọ́. O ní mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Ọkàn mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mi kò ní purọ́ bọ́tìnnì fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní irọ́ ni. Mo ní bóyá ìka mi ló yọ̀, mo tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ ní irọ́ ni. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Àǹtí Rédíò tó sìn mí lọ ní, "Ìyàwó wa, kí ló dé tí ẹ̀rọ ń bá ẹ jà?" Inú ń bí mi, mo ṣàlàyé fún un. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Báyìí gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ pé bọ́tìnnì kóòtù mi ni nọ́ńbà káàdì mi. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ènìyàn mẹ́fà ló jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó mú aṣọ wá nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ òjò fún ọ títí kírédíìtì rẹ fi tán. Má dárúkọ bọ́tìnnì lórí fóònù mọ́.

N kò rántí nọ́ńbà náà. Bí ọwọ́ mi bá ti rán nǹkan tán, orí mi a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ káàdì. Wọ́n ní nọ́ńbà tuntun á gbà tó oṣù méjì, wọ́n sì dúpẹ́ pé àwọn ni mo yàn. Ọkùnrin tíkẹ́ẹ̀tì ní bí oṣù karùn-ún bá parí tí n kò sanwó, òun á ta àyè mi fún ẹlòmíì, kò sì sí ọkọ̀ míì tó ní àyè kí físà mi tó kú.

Ìwọ lo tún bọ́tìnnì ṣe. Ó yá, tún èyí náà ṣe.

Ìyá rẹ tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọkọ mi,

Bí lẹ́tà tí mo fi ìbínú kọ bá ti dé, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o ka èyí.

Mo ń rán bọ́tìnnì sára ẹ̀wù olùkọ́ kan láàárọ̀ yìí. Mo rí ọwọ́ mi tó na aṣọ líle kékeré kan, tó fi í sẹ́yìn ibi tí bọ́tìnnì máa jókòó sí. N kò rán an níṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bọ́tìnnì kì í dá dúró lórí aṣọ, àfi kí nǹkan tì í lẹ́yìn. Ọ̀kan fún bọ́tìnnì kan. Mo máa ń fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, kí n tó wá fi aṣọ inú bò ó.

Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo dìde. Olùkọ́ ní ṣé kò sí o.

Bọ́tìnnì lo yọ. O kò yọ ìtìlẹ́yìn rẹ̀. Tú aṣọ inú kóòtù náà níbi ọwọ́ àti àpò. Abẹ ni kí o fi tú u, má fi ọwọ́ fà á ya, nítorí èmi ni mo máa tún un rán. Ka ìtìlẹ́yìn tó wà níbi kọ̀ọ̀kan. Má kọ iye rẹ̀ sínú lẹ́tà: Àǹtí Rédíò ló ń bá mi gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílẹ́tà, ó sì máa ń nà án sí oòrùn wò. Wá ọgbọ́n dá. Ọmọ aránṣọ ni ọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọ ọ́.

Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà yín méjèèjì dé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èyí tó ń bínú ni mo kọ́kọ́ kà, nítorí èkejì ló gbé mi dìde.

Mo gbé kóòtù lọ síbi iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni abẹ tó mú wà. Nígbà ìsinmi ọ̀sán mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí a ti ń lọ aṣọ, mo ń tú u. Ọ̀gá wá dúró lé mi lórí.

"Kí ni kóòtù yẹn ṣe ọ́?"

Mo ṣàlàyé látòkèdélẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo yọ ọ́?" Mo ní èmi ni, sà. "O sì wá rán mẹ́rin-mẹ́rin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, òfin yín ni. Màmá, Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù sókè, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó fa àga, ó jókòó, ó bá mi di aṣọ inú mú kó má baà ya.

Ibi mẹ́ta ni mo ti rí ìtìlẹ́yìn, wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gírígírí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò rí ẹyọ kan. Kò sí àmì lẹ́ẹ̀, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kankan àfi tèmi. Ọ̀gá náà wò ó títí. N kò mọ̀ bóyá ó já bọ́ lójú ọ̀nà tàbí kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti fi nǹkan kan síbẹ̀. Mo ti fi tèmi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì rí ohun tó dá sílẹ̀.

Ọ̀já aṣọ kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo fi òwú pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, mo sì rán bọ́tìnnì sí i bí mo ṣe rí ìtìlẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òwú pupa wà. Ibi tó ṣófo, bó ṣe ṣófo náà nìyẹn. Mo ká òun àti lẹ́tà sínú aṣọ funfun, mo sì rán ẹnu rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí ìrán tó dára ju tèmi lọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti tú u.

Mo tún rí owó nínú aṣọ inú, ní ẹ̀yìn. Ibi tó dára ju gbogbo ìyẹn lọ nìyẹn, Màmá. Owó ilé ni, kò lè ra ìṣáná níbí, ṣùgbọ́n mo ti bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ojú yín, mo kó o jẹ. Ẹ máa bọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀.

Ọmọ yín,
Alágbàfọ̀


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ẹ̀rọ ti pọ owó!

Mo kí ọ, ọkọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo ti fẹ́ kọ́kọ́ kí ọ, ọwọ́ mi ló sáré jù mí lọ.

Ìdìpọ̀ rẹ dé, ìrán ẹnu rẹ̀ kò dára rárá, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tú u. Mo ti ilẹ̀kùn, mo na ọ̀já náà sórí maṣíìnì. Mo wo àkọ́kọ́, mo wo èkejì, mo ń mi orí. Ìgbà tí mo dé ibi tó ṣófo, mo pariwo. Àǹtí Rédíò tó wà níta gbá ilẹ̀kùn pé ta ló kú.

Kò sí ohun tó já bọ́, Alágbàfọ̀. Òdo ni! Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣí ìwé náà. Mo wò ó, inú bí mi. Mo ní, èmi, àgbàlagbà obìnrin tó ti fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọmọ yanjú, wọ́n wá fún mi ní òdo bí olódo inú kíláàsì. Bí mo ṣe rántí èébú yẹn ni gbogbo nọ́ńbà náà tò wọlé lẹ́sẹẹsẹ, mo kà á lórí kí n tó tún wo ọ̀já. Ó bára mu.

Síbẹ̀, nígbà tí mo dé iwájú ẹ̀rọ, mo kọ́kọ́ nu ìka mi kó má baà yọ̀. Àǹtí Rédíò sìn mí lọ. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ta ìborùn rẹ̀ bí ẹni ń sá aṣọ, ó ń lé ènìyàn: "Ẹ kọjá, ẹ kọjá! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe nǹkan àṣírí!" Ẹni tí kò ní dúró tẹ́lẹ̀ náà dúró. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ni mo bá gbọ́ kẹrẹkẹrẹ nínú ikùn rẹ̀, bí ìgbà tí maṣíìnì mi bá ń ran aṣọ tó nípọn.

Àǹtí Rédíò kò wẹ̀yìn. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Nígbà tí mo ní ó ti pọ̀ ọ́, ó jókòó sórí pèpéle, ó ń nu ojú. Ó ní òun kò sùn láti ọjọ́ tí òun ti sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì káàkiri. Mo ní èmi náà kò sùn. A jọ jókòó síbẹ̀ bí ọlẹ.

Láti ibẹ̀ la ti lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tíkẹ́ẹ̀tì. Mo máa dé lọ́jọ́ kejìlá, oṣù kẹfà. Owó iná ti wà nílẹ̀. Owó tó wà nínú kóòtù, mo fẹ́ fi wọ bọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ yín ni. Má rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Bóyá ẹ ti gbéra kí lẹ́tà yìí tó délé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kú ilé o, Àǹtí. Ẹ kú àbójútó. Ẹ lè kà á fún wọn ní ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀.

Mo ti ya ibùsùn sọ́tọ̀. Mo ti fọ aṣọ fèrèsé, mo ti lọ̀ ọ́. Ọ̀gá fún mi ní ọjọ́ méjì ní ìsinmi láìjẹ́ pé mo tọrọ rẹ̀, ó ní kí n kí ìyá oníbọ́tìnnì. Kóòtù ni mo máa wọ̀ wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfurufú. Bí ẹ kò bá dá ojú mi mọ̀ mọ́, ẹ ó dá iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ̀.

Ọmọ yín,
Alágbàfọ̀


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, lórí tábìlì rẹ

Ọkọ mi,

O kú iṣẹ́. Mo jí, o ti lọ. Orí ilẹ̀ lo sùn láti ọjọ́ tí mo ti dé, o rò pé n kò mọ̀.

Mo ti jáde láàárọ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tí ó ti ń yí padà, mo sì wọ òmíràn bọ̀. N kò lọ síbì kankan. Mo kàn fẹ́ sanwó bọ́ọ̀sì ni. Mo wo ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń tà á, n kò rí èyí tó wù mí. Mo ra búrẹ́dì dípò rẹ̀, ó wà lábẹ́ àwo.

Mo ti tú bọ́tìnnì tí o rán sára kóòtù. Ìrán rẹ dà bí ti ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Mo ti tún un rán ní mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn, kí inú Ọ̀gá rẹ lè dùn. Má wulẹ̀ kà á, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Mo ti gbé nọ́ńbà náà lọ síbòmíì nínú yàrá yìí.

Nítorí náà, bí o bá wọlé tí o rí ohun tó wọ́, tàbí ohun tí kò dọ́gba, má fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ń sùn, má jí mi. Dúró kí n jí, kí o wá bi mí.

Mo wà nílé.

Ìyá rẹ